Làákàyè Ta Ni?

Àsàláámù àlékùm, ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn. Gbólóhùn kan wà tí a fi ń pa ara wa lẹ́nu mọ́ níbi àríyànjiyàn, ìbáà ṣe nídìí búúta àlùwàlá, ìbáà ṣe nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Nyanya lọ sí Wuse ní Abuja níbí, tàbí níbi tí ẹbí ti ń pín ogún: «Èyí kò ju ọ̀rọ̀ làákàyè lọ.» Bí ẹnì kan bá ti sọ ọ́, ẹni tó bá tún béèrè ẹ̀rí ti di aláìgbọ́n lójú àwùjọ.

Arábìnrin Yorùbá kan ní Kubwa fẹjọ́ aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Haúsá sùn mí. Ó ní obìnrin náà kò fẹ́ràn àkọ́bí rẹ̀, nítorí kì í pe ọmọ náà lórúkọ, kì í sì í bá a ṣeré lójú àlejò, bẹ́ẹ̀ ó ń gẹ àwọn àbúrò rẹ̀ bí ẹyin. «Àlùfáà, ṣé ìyẹn náà tún gba àlàyé ni? Ẹni tó bá ní làákàyè yóò mọ̀.» Kunya ni ohun tí arábìnrin wa rí tí kò dá mọ̀, ìyẹn ìtìjú tí àṣà Haúsá àti Fúlàní gbé ka ìyá lórí nípa àkọ́bí rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ó dárúkọ ọmọ náà ní gbangba. Ní ilé tiwa, níbi tí ìyá ti ń fi oríkì jí ọmọ, ìfẹ́ ni kí a máa pe ọmọ lórúkọ, ó sì ti mọ́ wa lára débi pé a kò rántí mọ́ pé ilé ni a ti kọ́ ọ.

Ẹ ka Suratul Baqarah, áyà 170. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn kan tẹ̀lé ohun tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀, èsì wọn ni pé ohun tí àwọn bá lọ́wọ́ àwọn bàbá àwọn ni àwọn yóò tẹ̀lé, Ọlọ́hun sì bi wọ́n pé, bí àwọn bàbá náà kò bá lo làákàyè kankan ńkọ́?

N kò sọ pé kí a pa làákàyè tì. Láìsí i, kò sí ọ̀ranyàn lórí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀sìn wa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Àlùkùránì kò dárúkọ aql, ìyẹn làákàyè lédè Lárúbáwá, gẹ́gẹ́ bí ohun ìní rárá; bí iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ló máa ń sọ ọ́, pé ṣé ẹ kò ní ronú ni? Ọ̀rọ̀ náà sì bá iqāl tan, okùn tí wọ́n fi ń so orúnkún ràkúnmí. Àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé, tí wọ́n ń pe làákàyè ní hankali, bí wọ́n bá ní «yi hankali», ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí o rọra. Okùn tó yẹ kí ó so èmi tí mo ni ín, kí ló dé tí mo fi sọ ọ́ di pàṣán fún ẹlòmíràn?

Ní ọdún kẹfà Hijra, ní Hudaybiyya, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti bá àwọn Kùráíṣì ìlú Mẹ́kà ṣe àdéhùn àlàáfíà, Abu Jandal, Mùsùlùmí kan tí wọ́n ti dè mọ́lẹ̀ ní Mẹ́kà, wọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, àdéhùn náà sì mú kí wọ́n dá a padà sọ́wọ́ àwọn Kùráíṣì. Kò yé Umar pàápàá. Àdéhùn yẹn ni Ọlọ́hun wá pè ní ìṣẹ́gun tó hàn gbangba nínú Suratul Fath. Sahl ọmọ Hunayf wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà tí ìjà Siffin láàárín àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn sì dé ní ọdún 37 Hijra, ó kígbe sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n fura sí èrò ara wọn, nítorí lọ́jọ́ Abu Jandal, bí ó bá ṣeé ṣe ni, òun ìbá ti kọ àṣẹ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá a). Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé ìrántí yẹn kiri.

Arábìnrin wa ní Kubwa ló padà wá ròyìn ìyókù fún mi, omi sì lé lójú rẹ̀. Ibà ki ọmọ náà mọ́lẹ̀ lóru, òun ló sì bá aládùúgbò rẹ̀ sáré dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ ọmọ, ìyá dákẹ́, ó fi ìborùn bo ojú, ó ń wá ẹni tí yóò bá òun dárúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sì di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú títí ilẹ̀ fi mọ́.