Ta Ni Yóò San Owó Bọ́ọ̀sì Lọ Sọ́dọ̀ Áńgẹ́lì?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí a ní a máa sọ lónìí ni bí ènìyàn ṣe lè rí iṣẹ́ ọnà lójú ọ̀nà, nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni ó gbé e jáde nílé. A óò sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, n kò sì lè máa bínú sínú kí n máa fẹ́rìn-ín sí yín.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta! Mo rò pé o ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kí ó lọ síbo? Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún àwọn tí kò tí ì gbọ́. Ilé iṣẹ́ wa rán mi lọ sí Newcastle, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kí n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó kan bí wọn yóò ṣe máa lo ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Mo parí kíláàsì àárọ̀, ti ọ̀sán kò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí di aago mẹ́ta, ni mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Gateshead nítòsí ibẹ̀ lọ wo Angel of the North, ère áńgẹ́lì onírin ńlá tí Antony Gormley, oníṣẹ́ ère ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe. Mo wò ó, mo yí i ká, mo fọwọ́ kàn án lẹ́sẹ̀, mo sì padà kí ẹnikẹ́ni tó máa wá mi. Nígbà tí mo délé, mo kó rìsíìtì ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣírò owó. Wọ́n san ti rélùwéè, wọ́n san ti hòtẹ́ẹ̀lì, ti bọ́ọ̀sì ni wọ́n dá padà, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé, "Ṣé áńgẹ́lì náà wà lára iṣẹ́ tí a rán ọ ni?"

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Ṣé ó wà lára rẹ̀?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Bọ̀dá Wálé!

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Mo kàn béèrè ni. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sípò wọn, ǹ bá dá a padà, ǹ bá sì tún yọ owó búrẹ́dì tí o rà ní ibùdókọ̀ kúrò.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé kúlà oúnjẹ kiri gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ má baà ra búrẹ́dì!

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Má dá kúlà mi sí i. Àwọn olùgbọ́ ti bú kúlà yẹn tó.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó dáa. Awakọ̀ tírélà ni yín, títì ńlá tí wọ́n ń pè ní A1 ni ọ̀nà iṣẹ́ yín, ẹ̀gbẹ́ áńgẹ́lì yìí ni ẹ sì ń gbà kọjá ọjọ́ ti pẹ́. Kí ni ẹ mọ̀ nípa rẹ̀?

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Mo mọ̀ pé bí mo bá ti rí i, Newcastle kò jìnnà mọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń fọn fèrè sí i.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ ń fọn fèrè sí ohun tí ẹ kò mọ̀. Ère náà ga ní mítà 20, láti ìpẹ̀kun ìyẹ́ kan dé ìpẹ̀kun èkejì sì jẹ́ mítà 54. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 200. Ọdún 1998 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, orí ilẹ̀ tí àwọn awakùsà èédú ti máa ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ni ó sì dúró sí. Nítorí pé wọ́n ti wa èédú nílẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ní láti ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀ títí ó fi kan àpáta, kí ìjì má baà gbé e ṣubú. Àwọn ajórin ní ìlú Hartlepool ni wọ́n jó o pọ̀, àwọn tí wọ́n mọ irin í jó nítorí ọkọ̀ ojú omi àti ẹ̀rọ. Wọ́n gbé ara rẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n gbé ìyẹ́ méjèèjì lọ́tọ̀, orí ọkọ̀ akẹ́rù ni ó sì gbà dé Gateshead lóru.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Dúró ná. Lórí lọ́rì?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Lórí lọ́rì.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Ìyẹ́ kan ṣoṣo yóò tó bíi mítà 25 nìyẹn. Ṣé o mọ ohun tí ó jẹ́ láti fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yí ráńdábáòtù? Orí ọkọ̀ yóò ti yí tán, ìdí ẹrù yóò ṣì máa wá òpó iná tí yóò gbá. Ẹ̀wọ̀n ni ènìyàn yóò fi dè é, kì í ṣe okùn, kò sì gbọdọ̀ tẹ bíréèkì lójijì, nítorí ọkọ̀ lè dúró kí ẹrù má dúró. Ẹni tí ó wà á kò ní lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ṣé ẹ gbọ́ ara yín? Ṣé ẹ gbọ́ bí ohùn yín ṣe yí padà? Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyí.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Bí èmi bá de ẹrù tí kò dáa, wọn yóò gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ mi. Bí oníṣẹ́ ọnà bá ṣe ohun tí kò dáa, wọ́n á ní òye rẹ̀ ló jinlẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, mo ṣì ń bá yín jà. Arìnrìn-àjò afẹ́ ní ìwé tí ó sọ ibi tí yóò wò fún un. Àwa tí iṣẹ́ ń gbé kiri ni a máa ń bá ara wa nínú ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í lọ ṣe fàájì, láàárín ìpàdé kan àti òmíràn, tí a kò ní ohun tí a lè wò ju ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn ṣe lọ. Ẹ wo irin áńgẹ́lì náà fúnra rẹ̀. Wọn kò kùn ún rárá. Wọ́n po bàbà díẹ̀ mọ́ ọn, kí ó lè dípẹtà, kí ìpẹtà òde sì máa dáàbò bo irin inú.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Á à! Iṣẹ́ ọnà ni ọkọ̀ mi àtijọ́ nígbà náà. Ẹni tí ó ṣe MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, fún un ni kò lajú.

ÌYÁ ÌBEJÌ: (ó rẹ́rìn-ín) Ọkọ̀ yẹn! Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ètò wa nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ já sọnù, ẹ dáríjì í. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ tí mo ń kọ́ ń wò mí bí ẹni tí ìjọba rán wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo ti Gateshead dé, mo ní mo ti lọ kí áńgẹ́lì wọn, gbogbo wọn sì bú sọ́rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ni ó rán mi létí pé ọdún tí wọ́n gbé e kalẹ̀ náà ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Newcastle United da ẹ̀wù Alan Shearer, ẹni tó ń gbá góòlù wọlé fún wọn, bò ó, ẹ̀wù rẹpẹtẹ, nọ́ńbà 9 lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọn ọlọ́pàá tó wá sọ ọ́ kalẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí mo bá ní kí wọ́n tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe iṣẹ́.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Ẹ̀wù Shearer! Kí ló dé tí o kò fi èyí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀? Ǹ bá ti gbà fún ọ tipẹ́.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ ti gbà nìyẹn?

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Mo gba ẹ̀wù. N kò gba bọ́ọ̀sì.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ ṣeun. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wù ni ẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Glasgow. Ère Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, wà níbẹ̀ lórí ẹṣin, níwájú ilé tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà òde òní sí. Ọdún 1844 ni wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn ará ìlú máa ń gun orí rẹ̀ lóru, wọ́n á fi kóònù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi ń dínà lójú títì dé e ní fìlà. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá yọ ọ́ lónìí, òmíràn ti dé síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọdún 2013, wọ́n gbèrò láti ná £65,000 láti fi gbé ìpìlẹ̀ ère náà ga sí i, kí ọwọ́ ènìyàn má baà tó o mọ́.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Owó council tax tí ará ìlú ń san fún ìjọba ìbílẹ̀!

ÌYÁ ÌBEJÌ: Àwọn ará ìlú fárígá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú, ni ìjọba bá jáwọ́. Nígbà tí Banksy, oníṣẹ́ ọnà tó máa ń ya àwòrán sára ògiri ìgboro, gbé àfihàn rẹ̀ wá sí ilé yẹn kan náà ní ọdún 2023, ó ní ère tí ó dé kóònù yìí ni iṣẹ́ ọnà tí òun fẹ́ràn jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Iṣẹ́ àwọn ọ̀mùtí ni ìwọ àti Banksy ń pè ní iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó ní ṣíìfù aago mẹ́fà òwúrọ̀ kì í gun ẹṣin onídẹ lóru.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹ kò tí ì sọ ohun tí ó burú níbẹ̀.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Ohun tí ó burú ni pé o fojú di àwọn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìbàdàn, ọkùnrin kan wà nítòsí gáréèjì Dùgbẹ̀ tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sára lọ́rì. Kò lo rúlà. Ó máa ń fa lẹ́tà kan ní pupa, ó sì máa ń fi òjìji dúdú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ènìyàn á rò pé òun lè ṣí i kúrò lára pákó ọkọ̀. "Ìyá ni wúrà." "Ayé ń lọ." Ìdúró ìṣẹ́jú kan kò tó láti wò ó. Iṣẹ́ ọnà nìyẹn.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ta ló ń bá yín jiyàn? Kí ni ẹ kọ sára ọkọ̀ tiyín níbí?

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Funfun báláú ni. Wọn kò gbà kí a fi ohunkóhun sí i. (ó dákẹ́ díẹ̀) Àfi ìgbà kan ṣá.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ó ń bọ̀!

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Ní àsìkò òtútù ni, eruku títì ti bo ìdí tírélà. Mo ń dúró kí wákàtí ìsinmi mi pé, mo bá fi ìka kọ "Sùúrù lérè" sí i. Mo gbìyànjú láti fi òjìji sí lẹ́tà S. Nígbà tí mo dé apá ibi tí ó kọjú sí Doncaster, lọ́rì kan yọ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, awakọ̀ náà sì pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Ó lérè, ẹ̀gbọ́n!"

ÌYÁ ÌBEJÌ: Yéè! Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ̀rí rèé o! Èmi ni wọ́n ń bi léèrè iṣẹ́, ẹ̀yin sì ń gbé ìwé kiri lórí A1!

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Òjò fọ̀ ọ́ lọ kí n tó dé ilé iṣẹ́. N kò fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kò burú. Bí ẹ bá wá sí London, èmi yóò mú yín dé orí afárá Millennium. Ọkùnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Ben Wilson, ó máa ń dùbúlẹ̀ sórí afárá yẹn, ó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ya àwòrán sára ṣingọ́ọ̀mù tí ó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àlàyé tirẹ̀ ni pé òun kò kun afárá, ohun tí àwọn ènìyàn tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni òun ń kùn.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Ṣingọ́ọ̀mù tí ó ti ẹnu ẹlòmíràn jáde?

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni. A óò bẹ̀rẹ̀, a óò máa wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

BỌ̀DÁ WÁLÉ: Pẹ̀lú ẹ̀yìn tí ń dùn mí yìí? Ìyá Ìbejì, lọ nìkan, èmi yóò dúró ti kúlà.