Wọ́n ní kí Màmá mi dákẹ́ ní sinimá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe Manchester ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Èkó ni mo wà, nílé Màmá mi ní Sùúrùlérè. Bí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú, ti àwọn ará ilé kejì ni. Mo ti ṣèlérí fún yín pé màá sọ ìtàn àwọn fíìmù ńlá, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti jáde báyìí, gbogbo ìlú ló ń rọ́ lọ wò wọ́n. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ.

Mo mú Màmá mi lọ sinimá. Ti gosiló, ti owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ gbogbo ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Fíìmù wa ni, ti ọdún Kérésì, èrò sì kún fọ́fọ́. Ọkùnrin kan nínú fíìmù náà wá ń fi ẹnu dídùn tan ọmọbìnrin kan. Ni Màmá bá ké sí i: "Ọmọ mi, má gbà á gbọ́ o! Ojú ẹ̀ ò jọ ti olóòótọ́ rárá!" Háà, mo rẹ́rìn-ín! Àwọn obìnrin tó wà lápá ọ̀tún wa náà rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan tó jókòó níwájú wa ló yíjú padà. Ó ní, "Màmá, ẹ dákẹ́ jọ̀ọ́. Ibí kì í ṣe pálọ̀ yín."

Màmá mi dákẹ́. Obìnrin tó máa ń bá rédíò jiyàn láràárọ̀, ó káwọ́ lé itan, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Nígbà tí gbogbo ilé tún bú sẹ́rìn-ín, mo yíjú wò ó. Kò rẹ́rìn-ín. Títí tí iná fi tàn, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n ní kó dákẹ́ yẹn fún yín. Màmá mi wà lára àwọn tó wo Ayé, fíìmù Hubert Ògúndé tó jáde ní 1979. Ó ní National Theatre ní Ìgánmú lòun ti wò ó, ibi tí wọ́n ti wá fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ báyìí. Nígbà náà, gbọ̀ngàn ńlá ibẹ̀ ń gba nǹkan bí 5,000 èèyàn. Ó ní bí Ògúndé ṣe yọ, tó ṣe Ọ̀sẹ́túrá, babaláwo inú fíìmù náà, tó fẹ́ kojú àwọn àjẹ́, etí ò gbọ́ ohun tí fíìmù ń sọ mọ́. Àwọn kan ń kì í, àwọn kan ń ṣépè fún àjẹ́.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi fíìmù han ìlú ńlá díẹ̀, kó tó máa rá pálá dé ibi tó kù. Ní 1975 ni wọ́n polówó Jaws, fíìmù ẹja yanyan tó ń pa èèyàn, káàkiri orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ṣí i lọ́jọ́ kan náà ní ilé sinimá tó lé ní 400. Ẹja yanyan tí wọ́n fi irin ṣe, omi iyọ̀ ń bà á jẹ́ ṣáá, ni Steven Spielberg tó darí fíìmù náà bá ń fi í pa mọ́. Omi lásán làwọn èèyàn ń wò tí wọ́n ń figbe ta! Star Wars tẹ̀ lé e ní 1977. Ohun tí wọ́n ń tà kò ju pé kí gbogbo ayé jọ wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jọ ké.

Mo mọ̀, ẹnì kan ń dá mi lóhùn nínú mọ́tò ẹ̀ báyìí: "Bùrọ̀dá, a sanwó, a fẹ́ gbọ́ fíìmù. Ṣé ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó?" A ń ṣe é! Ní 2019, ní Manchester, nígbà tí Captain America gbé òòlù Thor nínú fíìmù àwọn akọni, Avengers: Endgame, ṣe ni gbogbo ilé dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo. Ta ló ní kí wọ́n dákẹ́? Wọ́n ní wọ́n ń gbádùn ara wọn ni. Màmá mi wá kìlọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ tán, ó di ará oko? Rárá o. Mi ò gbà. Ẹni tó ń gba ìpè nínú sinimá, ẹ lé e síta, mo wà lẹ́yìn yín. Ẹni tó ti wò ó tẹ́lẹ̀ tó ń sọ ìparí ẹ̀, ẹ lé òun náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá fíìmù sọ̀rọ̀, fíìmù ló ń dá lóhùn. Bí apàlọ́ bá ní "Ààlọ́ o!", ṣé a máa ń dákẹ́ ni?

Pálọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn tiẹ̀ dárúkọ ló ń dùn mí jù. Ṣé ó mọ bí fíìmù ṣe dé pálọ̀? Láti 1903 ni wọ́n ti ń fi fíìmù han àwọn ará Èkó, ní Glover Hall. Nígbà tí àwọn òṣèré tíátà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù, àwọn fúnra wọn ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, torí ẹ̀rù olè. Olè náà dé ṣáá. Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, wọ́n jí i dà sórí fídíò, àwọn èèyàn wò ó nílé, gbèsè sì wọ ọkùnrin tó ti pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín lọ́rùn. Mi ò lè sọ ìyẹn kí n má fajúro. Ilé sinimá ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ò fẹ́ rìn lóru mọ́, Ìdúmọ̀tà wá ń ta kásẹ́ẹ̀tì fún wa. Ní Agége, Pen Cinema ti di orúkọ ibi tí à ń sọ̀ sí, sinimá ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ilé sinimá Silverbird ṣí ní Victoria Island ní 2004 ni àwọn sinimá tuntun wá ń pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá sinimá níbẹ̀? Màmá mi ni àbí ọmọkùnrin yẹn?

A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé ni fíìmù wa àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá Nàìjíríà. Lójú tèmi, àwọn ìyá wà lára àwọn tó san owó yẹn, àwọn àti ọmọ wọn, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn.

Mo ti sọ fún Màmá pé a máa padà lọ kí n tó wọ bàálù. Ó ní òun máa rò ó. Títí dìgbà náà, ẹ bá mi bi àwọn òbí yín tó wo Ògúndé ní Ìgánmú léèrè: kí ni wọ́n ń ké nígbà tí Ọ̀sẹ́túrá yọ? Ẹ gbà á sílẹ̀ lóhùn tiwọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bó ti wù kó gùn tó, màá gbé e sáfẹ́fẹ́.