Dìgírísà Wo Ló Yẹ Alùpùpù Yín? Ẹ Wo Ẹ̀yìn Ìgò Kí Ẹ Tó Fọ́n Ọn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Alùpùpù tó wà níwájú mi yìí, ẹ wò ó dáadáa. Ìdọ̀tí mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó dúdú, tó ń fà lára ṣéènì, gíríìsì àtijọ́ tó ti pò mọ́ iyanrìn ni. Èyí tó gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì bí èépá ojú egbò, ọ́ìlì tó ti jóná ni. Èyí tó rí bí eérú lára rîmù iwájú, eruku páàdì bíréèkì ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé ìgò kan ṣoṣo, wọ́n á fi fọ gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, a ó yan dìgírísà, ìyẹn omi tàbí ọṣẹ tó ń bọ́ gíríìsì àti ọ́ìlì, a ó sì fi fọ alùpùpù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè pé èwo ló le jù. Ẹ béèrè pé nígbà tó bá jẹ gíríìsì tán, kí ló kàn tó máa jẹ? Alumíníọ́mù wà lábẹ́ gíríìsì yẹn. Rọ́bà wà níbẹ̀. Ọ̀dà náà wà níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí ló kọ́ mi ní èyí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, oníbàárà kan gbé alùpùpù rẹ̀ wá, ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dán gbinrin. Mo mú ọṣẹ olómi kan tí wọ́n fi ń fọ inú ààrò ìdáná, mo fọ́n ọn sí i, mo lọ pọn omi. Kí n tó padà dé, ìdérí náà ti ṣú, àbàwọ́n funfun ti bò ó. Ọjọ́ 2 gbáko ni mo fi ń ha á, tí mo ń dán an, kò padà sí bó ṣe wà. Sodium hydroxide ló wà nínú ọṣẹ náà, òun náà ni sóódà líle tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Irin lè fara dà á, ṣùgbọ́n ó ń jẹ alumíníọ́mù bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yí ìgò padà. Ìpolówó ló wà níwájú. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ pH sí, ìyẹn nọ́mbà tó ń fi hàn bóyá nǹkan kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó le bí sóódà. Omi tó mọ́ gaara wà ní 7. Dìgírísà tó bá wà láàárín 8 sí 10 kò le jù, ó sì ń bọ́ gíríìsì tí kò tíì gan. Tó bá ti tó 12 sókè, ẹ má jẹ́ kó kan alumíníọ́mù tí kò ní ọ̀dà lára. Tí ẹ bá rí sodium hydroxide tàbí potassium hydroxide níbẹ̀, ẹ gbé e padà, àyàfi tí àwọn tó ṣe é bá kọ ọ́ gbangba pé kò ní ba alumíníọ́mù jẹ́.

Wàyí o, àwọn ìgò tí mo tò sórí tábìlì nìyí. Èyí àkọ́kọ́ ni dìgírísà olómi, òun ni mo ń lò jù. Kì í gbiná, ó ṣeé fi omi ṣan, a sì lè fi omi là á. Ìwọ̀n tó bá ìdọ̀tí ni kí ẹ là: fún eruku ọ̀nà tó ní ọ́ìlì díẹ̀, mo máa ń fi ìwọ̀n omi 10 sí ìwọ̀n ọṣẹ 1, fún ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, omi 4 sí ọṣẹ 1. Bí ara ìgò tiyín bá sọ ohun mìíràn, tara ìgò ni kí ẹ tẹ̀lé.

Èkejì ni èyí tí wọ́n fi òróró èèpo ọsàn ṣe. Ẹ máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Limonene ni wọ́n ń pè é. Má wo ti òórùn dídùn yẹn, ó lágbára: ó ń yọ́ gíríìsì tó ti le gbagidi. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára rọ́bà tàbí ike, ó lè mú wọn wú tàbí kó pa dídán wọn. Irin nìkan ni mo ń lò ó fún, mo sì máa ń tètè ṣan án.

Ẹ̀kẹta, kẹrosíìnì. Ti ṣéènì nìyí. Ọ̀pọ̀ ṣéènì òde òní ní àwọn òrùka rọ́bà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní O-ring, tí wọ́n dé gíríìsì mọ́ inú ṣéènì látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Tí òrùka yẹn bá bàjẹ́, gíríìsì inú á jáde, omi á wọlé, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi ṣe é mọ́ ju kí ẹ ra ṣéènì tuntun. Kẹrosíìnì kì í ṣe é ní nǹkan tí a kò bá rì í sínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ti ìgò pupa yìí, òun ni wọ́n fi ń fọ bíréèkì. Ó máa ń gbẹ láìṣẹ́ ìdọ̀tí kankan kù, ìdí nìyẹn tó fi dára fún dísìkì, irin pẹlẹbẹ tí páàdì bíréèkì ń fún mú. Ẹ má fọ́n ọn sí ṣéènì, ọ̀dà tàbí ike. Àwọn kan nínú wọn ní èròjà chlorine. Ẹ má lò wọ́n nítòsí ibi tí wọ́n ti ń jó irin, nítorí gáàsì olóró ni wọ́n ń dà nínú ooru.

Bẹntiróòlù ńkọ́? Rárá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ó. Èéfín rẹ̀ kò nílò oòrùn kó tó lè gbiná. Kódà nínú òtútù yìnyín, ìtapàrà iná kan ṣoṣo tó o. Ó sì ń ba O-ring jẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù. Ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá gbóná, ọṣẹ á gbẹ mọ́ ọn lára, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi awò bo ojú, ẹ dúró síbi tí atẹ́gùn wà. Ẹ fi ọ̀rá di ẹnu sàlẹ́ńsà, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, àti ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ ta àkísà bo dísìkì bíréèkì méjèèjì.

Kí ẹ tó fọ́n ọn káàkiri, ẹ kán díẹ̀ síbi tó fara pamọ́, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 5, ẹ nù ún. Tí àwọ̀ ibẹ̀ bá yí padà, ìgò yẹn kì í ṣe ti alùpùpù yín.

Ṣéènì la ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìdọ̀tí rẹ̀ ló ń ta sí ibi yòókù. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ ọ́ nínú jíà, ẹ fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì kó bá yín yí i láéláé. Ṣéènì tó ń yí á gé ìka. Ẹ fi kẹrosíìnì rin búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, ẹ fi fọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Búrọ́ọ̀ṣì onírin á ya òrùka rọ́bà. Ẹ fi àkísà nù ún gbẹ.

Ẹ́ńjìnnì ló kàn. Ẹ fọ́n dìgírísà olómi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó má bàa ṣàn sórí ibi gbígbẹ kó sì fi ilà sí i. Ẹ jẹ́ kó rin ín fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ. Tó bá ń gbẹ, ẹ tún un fọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi ń wọ àárín àwọn ìyẹ́ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí. Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣàn dúdú! Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣan án, òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, omi rọra sì ni. Ẹ má darí omi alágbára sí béárìn àárín táyà, ọrùn ọwọ́ ìdarí tàbí ṣéènì. Omi á lé gíríìsì inú wọn jáde.

Ẹ gba omi dúdú náà sínú abọ́. Ẹ má dà á sójú àgbàrá tàbí nítòsí kànga.

Ẹ ṣí dísìkì, ẹ fi èyí tó wà fún bíréèkì nù ún. Tí ọ́ìlì bá ti wọ páàdì, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ọ́ìlì tó ti rin sínú páàdì kì í jáde tán, ẹ̀mí sì ni ẹ gbé lé e lórí.

Ẹ tú gbogbo ọ̀rá kúrò. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun sí ṣéènì, sí ẹ̀gbẹ́ inú, kó tó dípẹtà, nítorí ẹ ti bọ́ ohun tó ń dáàbò bò ó. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 10 kó lè gbẹ, ẹ fi bébà funfun sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán ọ́ìlì tó bá jábọ́ sórí bébà yẹn, ibi tó ti jò gan-an nìyẹn, ìdọ̀tí ló ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Tèmi rèé, ẹ wò ó, ó ń jò níbí yìí, lábẹ́ bọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń tú ọ́ìlì dànù. Wáṣà rẹ̀ ni mo fẹ́ pààrọ̀ báyìí.