Mọ́tò Tó Ń Gbóná Nínú Gósíló: Ẹ Wo Fáànù Kẹ́ ẹ Tó Tú Ẹ́ńjìnì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò kan wà tó máa sáré láti Ìbàdàn dé Berger, abẹ́rẹ́ gééjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn ò ní mira. Kó wá wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kétu sí Ọjọ́ta báyìí, abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Tó bá tún rí àyè sáré díẹ̀, abẹ́rẹ́ á padà sílẹ̀. Tí tiyín bá ń ṣe báyìí, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnì yín.

Omi ló ń gba inú ẹ́ńjìnì kọjá, òun ló ń kó ooru ibẹ̀ wá sínú rédíétọ̀ níwájú. Atẹ́gùn tó ń gba ara rédíétọ̀ kọjá ló ń mú omi yẹn tutù. Tẹ́ ẹ bá ń sáré, eré yín ló ń kó atẹ́gùn wá. Tẹ́ ẹ bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Nítorí náà, mọ́tò tó ń gbóná lórí ìdúró, tó ń tutù lórí ìrìn, fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó bá jẹ́ pé orí eré gan-an ló ti ń gbóná, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀: ẹ wò ó bóyá omi ń jò, bóyá inú rédíétọ̀ ti dí, bóyá wọ́tà pọ́ǹpù tó ń ti omi kiri ti ń rẹ̀ ẹ́.

Ó yá, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ tan mọ́tò, ẹ tan AC. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí fáànù wọn ń lo iná, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ bá tan AC tí fáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Tó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ wo méjèèjì, torí ọ̀kan lè ti kú kí èkejì máa dá a ṣe. Ẹ má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ o! Nínú mọ́tò mìíràn, ẹ lè ti pa ẹ́ńjìnì kí fáànù ṣàdédé yí.

Tó bá ń yí, ẹ má tíì dá a láre. Ẹ ya bébà kan nínú ìwé ọmọ iléèwé, ẹ gbé e síwájú mọ́tò níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ wo tèmi: ó lẹ̀ mọ́ ọn, mo yọwọ́, kò já bọ́. Fáànù ń fa atẹ́gùn nìyẹn. Tó bá já bọ́, bóyá fáànù ò lágbára mọ́, bóyá ẹrẹ̀ àti eruku ló dí ọ̀nà. Tí atẹ́gùn bá ń ti bébà padà sọ́dọ̀ yín ńkọ́? Ẹnì kan ti so wáyà fáànù lódìkejì, ẹ̀yìn ló ń yí sí. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, pàápàá tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáànù tòkunbọ̀ sí i.

Ní ti ìdọ̀tí, àárín káńdẹ́ńsà, ìyẹn rédíétọ̀ AC tó wà níwájú, àti rédíétọ̀ ẹ́ńjìnì ló máa ń sá pamọ́ sí, ẹ ò sì lè rí i láti iwájú. Kí wọ́n tú ibẹ̀, kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí omi náà má le jù.

Tí fáànù ò bá yí rárá, fíúùsì la kọ́kọ́ ń wò, ká tó wo riléè, ìyẹn súìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù. Nínú àpótí kan náà, riléè mìíràn sábà máa ń wà tí nọ́ńbà ara wọn bára mu. Ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ dán an wò. Tó bá ṣì ń kọ̀, kí rewáyà fa iná bátìrì sí fáànù tààrà. Tó bá yí, fáànù dáa; sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ooru omi tàbí wáyà ló níṣòro. Tí kò bá yí, ẹ lọ ra fáànù. Rewáyà lè ní kóun kúkú so ó dáírẹ́ẹ̀tì kó máa yí nígbà gbogbo. Á gbé yín délé lóòótọ́, àmọ́ fáànù tí ò sinmi máa ń tètè jẹ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti tẹ́mósítáàtì. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún omi tí ooru bá tó bíi dígírì 82 sí 95, bí mọ́tò bá ṣe rí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa á kàn yọ ọ́ jù nù, wọ́n á ní nítorí òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Irọ́ ni! Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ lórí eré, kọ̀ǹpútà mọ́tò á rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, á máa da epo lé e. Epo tó wọ́n báyìí! Tó bá sì jẹ́ fáànù ló kú, yíyọ tẹ́mósítáàtì ò lè gbà yín nínú gósíló. Tí tẹ́mósítáàtì bá há, ẹ ra tuntun.

Ìdérí rédíétọ̀ náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Òun ló ń há omi mọ́ tí kì í fi í hó ní dígírì 100; èyí tó dáa lè jẹ́ kó tó bíi 120 kó tó hó. Tí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti gé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kúláǹtì, ìyẹn omi tí wọ́n pò fún rédíétọ̀, ni kẹ́ ẹ sì máa lò, torí omi lásán ń dá ìpẹtà sílẹ̀.

Tó bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ pa AC, ẹ tan hítà dé òpin, kẹ́ ẹ ṣí wíńdò. Ẹ máa làágùn, ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnì ló ń bá yín jáde yẹn. Ẹ ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ pa á. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná, omi yẹn lè bó èèyàn lójú. Ẹ dúró títí ọwọ́ yín á fi lè gba hóòsì òkè mú dáadáa, kẹ́ ẹ tó rọra bu omi sí i.

Kẹ́ ẹ tó tún tan án, ẹ fa ọ́ìlì wò. Tó bá ti funfun bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọ inú ọ́ìlì nìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí orí ẹ́ńjìnì ló jó. Ẹ má tan án mọ́. Ẹ pe ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.