Pẹpẹ Ìwé Bàbá Mi

Ẹ kú ibi tí ẹ wà o, ẹ̀yin ará ilé àtẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi. Ìsarà Rẹ́mọ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, n kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fara dà á.

Nígbà tí mò ń múra ìdánwò WAEC, ìwé kan ló máa ń gba oorun lójú mi lórí pẹpẹ bàbá mi: Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ lọ́dún 1969. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tó ń lé ọ̀daràn kiri! Ibi ìjà ni mo máa ń wá. Tí ọ̀rọ̀ bá ti di àròjinlẹ̀, mo ti ṣí i kọjá.

Ìsarà tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde lọ́dún 1989 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ ìlú wa ló wà lára ìwé gàdàgbà yẹn, síbẹ̀ n kò kà á jìnnà. Àwọn tíṣà ayé ọjọ́un tó ń kọ lẹ́tà síra wọn, kí ló kàn mí níbẹ̀?

Lẹ́yìn náà ni ọmọ dé, ìwé ìdánwò nọ́ọ̀sì dé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí bàbá Ṣóyínká kú ló ṣí àpótí páànù tí bàbá náà fi pa lẹ́tà àti ìwé mọ́. Ibẹ̀ ni ìwé Ìsarà ti ṣẹ̀. Àpótí bàbá tèmi náà ni mò ń tú lọ́sẹ̀ yìí. Rìsíìtì ilé-ìwé wa, lẹ́tà tí mo kọ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó fi okùn dì wọ́n. Kò sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún wa rí. Ní báyìí, mò ń ka ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà wọ̀nyẹn díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú awò lójú (lẹ́yìn ogójì ọdún, lẹ́ǹsì inú ẹyinjú a máa le, lẹ́tà wínníwínní á di ogun). Bí wọ́n ṣe ń lálàá, bí wọ́n ṣe ń jiyàn, bàbá mi ni mò ń wá níbẹ̀.

Wọ́n ní àgbà ló ń jẹ́ kéèyàn fẹ́ràn ìwé tó jinlẹ̀. Èmi ò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ṣàgámù ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Lápàdé náà ló ṣì ń kà, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọ̀fọ̀ ló yí tèmi padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n gbé Ìsarà lọ bó bá wù mí, Lápàdé ò gbọdọ̀ kúrò nílé yìí.