Ejìnrìn àti ṣúgà: ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ tàn yín jẹ

Ẹ̀yin tèmi, ẹ káàbọ̀, Abẹ́òkúta la wà. Ejìnrìn tí àwọn ìyá eléwé ọmọ ń tà la fẹ́ tú wò lónìí, gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń lò ó fún ìtọ̀ ṣúgà, àmọ́ kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an tó ń ṣiṣẹ́ yẹn?

Ẹ sá a síbi ìbòòji, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú methanol (kẹ́míkà olómi tó ń fa èròjà jáde lára ewé), ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fa methanol kúrò, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ wá fi àwọn olómi mìíràn pín ohun tó kù: hexane á kó ọ̀rá lọ, ethyl acetate á kó tiẹ̀, butanol á kó tiẹ̀, omi á gba ìyókù. Ẹ má da ìkankan nù o!

Ẹ wá dán ìpín kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ń dí alpha-glucosidase lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ṣe rèé. Alpha-glucosidase ni ẹ́ńsáìmù tó ń já ìyókù sítáàṣì sí glucose, ìyẹn ṣúgà, nínú ìfun wa. Ní láàbù, pNPG, kẹ́míkà tá a fi ń rọ́pò sítáàṣì, la máa ń fún un já, tó bá ti já a, omi ẹ̀ á di yẹ́lò, ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀ á kà á ní 405 nm (ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀). Tí ejìnrìn bá dí i lọ́wọ́, yẹ́lò yẹn á kéré. Ó dùn, àbí? Ṣùgbọ́n omi ejìnrìn fúnra ẹ̀ ti ní àwọ̀! Ẹ̀rọ ò mọ èwo ni ti ẹ́ńsáìmù èwo ni ti ewé, á kà gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ̀yin á wá máa sọ pé ewé ò lágbára.

Àwa ará Abẹ́òkúta, ẹ wo adìrẹ: tẹ́ ẹ bá ki aṣọ tó ti láwọ̀ tẹ́lẹ̀ bọnú aró, báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí aró ṣe? Mo fẹ́ràn àfiwé yẹn gan-an!

Torí ẹ̀, BLANK, ìyẹn ìgò àfiwé! Ewé, buffer (omi tí kì í jẹ́ kí ìkan ẹ̀ yí padà), pNPG, KÒ SÍ ẹ́ńsáìmù! ÌWỌ̀N KỌ̀Ọ̀KAN tẹ́ ẹ bá lò ló gbọ́dọ̀ ní blank tiẹ̀, mo tún un sọ, ÌWỌ̀N KỌ̀Ọ̀KAN, kẹ́ ẹ wá yọ iye tí blank bá kà kúrò nínú ti àdánwò gan-an.

Ẹ tún gbọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "ewé mi ju acarbose lọ", ìyẹn oògùn ṣúgà tó ń dí ẹ́ńsáìmù yìí lọ́wọ́, ẹ́ńsáìmù ibo lẹ lò? Ti yíìsì ni ọ̀pọ̀ ń rà, acarbose ò sì fi bẹ́ẹ̀ dí ti yíìsì lọ́wọ́! Ẹ lo ti ìfun eku kẹ́ ẹ tó yangàn, ẹ jọ̀ọ́.

Ìpín tó bá lágbára jù, ẹ dà á sórí silica gel (ìyẹ̀fun tó ń ya èròjà sọ́tọ̀), ẹ gbà á díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò, ẹ tún dán ìgò kọ̀ọ̀kan wò, èyí tó bá mọ́ ni kẹ́ ẹ gbé lọ fún NMR, àyẹ̀wò tó ń fi bí èròjà ṣe rí hàn. Kẹ́nikẹ́ni má sì torí fídíò yìí pa oògùn ṣúgà ẹ̀ tì o: metformin náà, látara ewé Galega officinalis ni ọ̀nà ẹ̀ ti ṣí, 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ pò ó, ó di 1957 kí Jean Sterne tó gbé e jáde pé ó ṣiṣẹ́ fún alátọ̀gbẹ.