Egbò Ni Pílásítà Kọ́kọ́ Mọ̀, Kì Í Ṣe Ògiri

Alága, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Ìjà ni mo bá wá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n ń kọ́lé kì í jẹ́ kí n sinmi: wọ́n ní ọ̀rọ̀ àwọn ni àwọn dókítà jí lò. Wọ́n ní bíríkìlà ló ń rẹ́ ògiri, ló ń pè é ní pílásítà, kí dókítà tó yọjú pé ara èèyàn náà ṣeé rẹ́. Irọ́ ni!

Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Plassein ni kí èèyàn máa fọwọ́ mọ nǹkan, bí ẹni ń mọ amọ̀. (Ibẹ̀ náà ni ike tí à ń pè ní pílásítíìkì ti rí orúkọ. Ọmọ ìyá ni wọ́n.) Bí oníṣègùn bá wá po oògùn mọ́ epo àti ìda títí ó fi ki, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, tí ó rẹ́ ẹ sára aṣọ, tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò, emplastron nìyẹn. Àwọn tó ń sọ Látìnì ní emplastrum. Nígbà tó yá, orí ọ̀rọ̀ náà gé, ó ku plaster. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, oògùn ara ni. Ti ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àwọn Faransé wọlé lẹ́yìn náà ni.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìtàn Hesekáyà, ọba Júdà inú Bíbélì, àti ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ oówo rẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1611 kọ plaister síbẹ̀. Òótọ́ ni pé ògiri wà nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n ojú ni ọba kọ sí i. Oówo ni wọ́n lẹ nǹkan mọ́!

Kí n tún fi ti Jámánì kún un. Pflaster ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́. Pflaster náà ni òkúta tí wọ́n tẹ́ sójú títì. Láti ojú egbò, ọ̀rọ̀ ti dé ìgboro.

Ibí yìí ni ìyá kan lẹ́yìn ti nawọ́. Wọ́n ní: “Ẹ̀yin olùkọ́, POP, ìyẹn plaster of Paris, tí wọ́n fi ń di ẹni tó dá lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìyẹn kì í ṣe ti ògiri?”

Ìyá, ẹ mú mi. Ti ògiri ni. Òkúta jípsọ́ọ̀mù ni, irú èyí tí wọ́n máa ń wà ní Montmartre ní Párísì láyé àtijọ́. Bí wọ́n bá yan án, púpọ̀ nínú omi inú rẹ̀ á lọ, á di lẹ́búlẹ́bú. Bí ó bá tún rí omi, á gan. Ọmọ Nẹ́dálándì kan tó ń ṣe dókítà fún àwọn ọmọ ogun, Antonius Mathijsen, ló fi lẹ́búlẹ́bú náà ra báńdéèjì òwú. Ní 1852 ló kọ ọ́ síta fáyé kà. Ẹni tí wọ́n bá ti dì í fún rí á rántí bó ṣe ń móoru lára bó ti ń gan. Ó dáa, mo gbà: ògiri ya ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ egbò, ó sì dá a padà pẹ̀lú èlé. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ ni ín?

Alága ti ń wo aago. Kí n sáré parí ọ̀rọ̀. Ní 1920, Earle Dickson, òṣìṣẹ́ Johnson & Johnson ní Amẹ́ríkà, rí i pé ìyàwó rẹ̀, Josephine, ń fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ nídìí oúnjẹ sísè. Ó to gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo egbò, sórí téèpù tó ń lẹ̀, kí obìnrin náà lè máa gé e lò fúnra rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbé e jáde, Band-Aid ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ wò ó, kò sí plaster nínú orúkọ yẹn. Bóyá ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá dárúkọ plaster fún ará Amẹ́ríkà, ògiri ló máa wò.

Ìwé Amẹ́ríkà sì ni àwọn ọ̀rẹ́ mi wọ̀nyí ń kà.